Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wọ́n ní ohun tí àbúrò mi kọ sórí Facebook jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkórìíra

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó mọ òfin ni mò ń wá, pàápàá ẹni tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí.

Àbúrò mi ya fọ́tò ẹ̀rọ omi àdúgbò wa tó ti dógùn-ún, tí koríko ti bò mọ́lẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Owó omi wa dà?" Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pè é láti àgọ́ ọlọ́pàá kan pé ọ̀rọ̀ ìkórìíra ló kọ, kó wá sọ tẹnu ẹ̀.

Lọ́dún 2019 tí wọ́n gbé àbá òfin ọ̀rọ̀ ìkórìíra wá sílé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, tí wọ́n fẹ́ yẹgi fẹ́ni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá fa ikú, ariwo ta, àbá náà ò sì di òfin. Mo rò pé ó tán nìyẹn. Àṣé abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, èyí tó de irọ́ tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti dá wàhálà sílẹ̀, ṣì wà ńlẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ tún un ṣe ní 2024.

Èmi náà ò fẹ́ ẹni tó ń fi ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn dájà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni àbúrò mi kórìíra níbẹ̀? Ẹ̀rọ omi ni? Abala 39 ìwé òfin ilẹ̀ wa fún wa lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ṣé kó yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, àbí wọ́n á ní ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi? Orí fóònù lásán ni wọ́n ti pè é, kò sí ìwé. Ṣé dandan ni kó lọ? Ṣé Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, máa ń gba irú ẹjọ́ báyìí n'Íbàdàn?

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n dá fún un. Ìyá wa ò tíì fojú kan oorun láti àná. Ẹ jọ̀ọ́.