Parkin: ohun tí mo fi ojú ara mi rí nínú sẹ́ẹ̀lì

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn àgbà o, ẹ̀yin ará. Mo ka ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa kan kọ síbí, pé wọ́n sọ fún òun pé ayé ló fa àìsàn tó ń ṣe ìyá òun, ó dùn mí wọra. Ohun tí wọ́n sọ fún àwa náà nípa bàbá mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àrùn Parkinson ló ń ṣe wọ́n, àrùn ọpọlọ tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n tó sì ń mú ara le. Bí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́, àtàǹpàkò ọ̀tún wọn á máa yí lórí ìka láìsinmi. Bí wọ́n bá nawọ́ mú ife, á rọlẹ̀.

Lọndọn ni mo wà, láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lórí pùrótéènì kan tó ń jẹ́ parkin. Àwọn onímọ̀ Jàpáàn ló rí jíìnì rẹ̀ ní 1998, nínú àwọn ìdílé tí àrùn Parkinson ti ń mú ọ̀dọ́. Ẹni tó bá jogún èyí tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, àrùn náà lè mú un kó tó pé ẹni ogójì ọdún.

Sẹ́ẹ̀lì HeLa la sábà máa ń lò, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ènìyàn tí wọ́n ń tọ́jú nínú láàbù. Kò fi bẹ́ẹ̀ ní parkin tirẹ̀, àwa la máa fi sí i, a ó sì so ohun tó ń tàn bí àwọ̀ ewé mọ́ ọn kójú lè rí i. Bí ara sẹ́ẹ̀lì bá dá, parkin á tàn ká gbogbo inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá da kẹ́míkà CCCP sí i, tó ń sọ mitochondria di aláìlágbára (ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára lò), kò ní pẹ́ tí àwọ̀ ewé yẹn á fi kó jọ. Parkin ti lọ lẹ̀ mọ́ àwọn mitochondria tó bàjẹ́. PINK1, pùrótéènì mìíràn, ló pè é. Parkin á wá fi àmì ubiquitin sí wọn lára, bí ìjọba ṣe ń fi ọ̀dà pupa kọ X sára ilé tó fẹ́ wó, sẹ́ẹ̀lì á sì kó wọn lọ run. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mi ò lè kúrò nídìí máíkíróskóòpù.

Bí wọ́n bá fi mitochondria bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, pùrótéènì BAK lè kó ara wọn jọ kí wọ́n dá ihò sí i. Cytochrome c, pùrótéènì kan tó wà nínú mitochondria, á jò jáde, sẹ́ẹ̀lì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara rẹ̀ létòlétò. Parkin a máa fi àmì sára BAK náà kó má lè ṣe é. Ètò ikú yìí ní àǹfààní tirẹ̀ nínú ara, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń ṣe dopamine (kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń darí bí ara ṣe ń rìn), bó bá kú, kò sí àrọ́pò tó jọjú.

Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni parkin tirẹ̀ bàjẹ́. Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2023, àwọn olùwádìí, tí àwọn ti Yunifásítì Èkó wà lára wọn, kéde ìyípadà kan nínú jíìnì GBA1 tó wọ́pọ̀ láàárín àwa adúláwọ̀, tó ń dá kún ewu àrùn yìí. Inú mi dùn gan-an pé wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ tiwa náà wò.

Oògùn levodopa ni bàbá ń lò. Kò dá ikú sẹ́ẹ̀lì dúró, àmọ́ ó ń pèsè dopamine tó dín kù. Ṣáájú oúnjẹ la máa ń fún wọn, torí ẹ̀wà àti ẹran lè dí i lọ́wọ́ nínú ìfun. Ti ìdájí ló ṣì ń dà wá láàmú: ara wọn á ti le gbagidi kílẹ̀ tó mọ́, wọn ò ní lè dá yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú èyí, kí ni dókítà yín ṣe sí i?