Ẹ gbà mí o, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Ajé

Sista_Kabba: Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mátírọ́nì ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí ni, wọ́n ní èmi ni preceptor, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, fún àwọn tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mi ò ṣe é rí. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì, iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà.

Omo_Iyara: Ọdún kìíní ni wọ́n ni, àbí àwọn tó fẹ́ jókòó ìdánwò Council, àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì níwèé àṣẹ?

Baba_Egbe: Ọ̀kun, àbúrò. Gba ìwé ohun tí ilé ẹ̀kọ́ wọn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó padà, kó o sì yẹ logbook wọn wò, ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, má tíì fún wọn níṣẹ́. Mú wọn yí wọ́ọ̀dù ká: ibi tí oxygen wà, ibi tí oògùn pàjáwìrì wà, àpótí tí ẹ ń ju abẹ́rẹ́ sí. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, má yára sọ ìdáhùn. Bi ọmọ náà pé, “Kí lo rò pé ó ń ṣe ìyá yìí?” Kó o tún bi í pé, “Kí lo rí tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?” Ìgbà yẹn ni wàá kọ́ ọ ní ohun kan ṣoṣo, wàá yìn ín fún ibi tó ti gbà á, kó o tó tún ibi tó kù sí ṣe. Neher àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ọ̀nà ìkọ́ni yìí jáde ní Amẹ́ríkà ní 1992. Dókítà ni wọ́n fi ń kọ́ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá tiwa mu, pàápàá níbi tí èrò pọ̀ sí.

AdunMopa: Ẹ ṣáà má bá wọn wí níwájú aláìsàn. Níbì kan tí mi ò ní dárúkọ, mi ò rí iṣan, sista tó yẹ kó kọ́ mi gbá ọwọ́ mi dànù: “Ta ló bí ọ̀dẹ̀ yìí?” Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, àfi kí n ra ẹja kó tó fọwọ́ sí logbook mi. Títí dòní, bí ẹnì kan bá ń wò mí tí mo fẹ́ gún abẹ́rẹ́, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n.

IsanluGirl: Ẹja? Mọ́tò ni tèmi ní kí n máa fọ̀!

Agba_Noosi: Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Àwa náà gbọ́ èébú, a ò kú.

AdunMopa: Ẹ má bínú, Mà. Ẹ̀rù yẹn ni kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́wọ́ pé òun ti ṣi oògùn fún aláìsàn.

Agba_Noosi: Ta ló ń bá ọ jà? Mo ní kí wọ́n le, mi ò ní kí wọ́n gba ẹja.

IsanluGirl: Ẹ̀yin lẹ sọ pé a ò kú o, Mà.

Tolu_OdoEre: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ECWA tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ ti jáde? Àbúrò mi ní kírẹ́díìtì márùn-ún.

Baba_Egbe: Tolu, ìyẹn kọ́ la ń sọ. Ṣé Physics wà nínú ẹ̀?

Omo_Iyara: Sista, ẹ ò tíì sọ ọdún tí wọ́n wà.

Sista_Kabba: Mátírọ́nì ò sọ fún mi. Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá, ìbéèrè yẹn á pẹ́ jù fún èmi tí mo máa ń dá wà ní wọ́ọ̀dù. Ọwọ́ fífọ̀ àti ìfúnpá wíwọ̀n ni màá fi ọ̀sẹ̀ yẹn kọ́ wọn, màá sì máa fọwọ́ sí logbook lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó máa ra ẹja. Ẹ dákun, ta ló ní ẹ̀rọ ìfúnpá tí mo lè yá? Tiwa ti bàjẹ́.