Ìwé, kálámù àti ara líle fún ẹni tí ọ̀nà ń gbé kiri: ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín

Ẹlẹ́rù Oògùn, Adó-Èkìtì

Ẹ kú ìrìnàjò o, gbogbo ilé. Oògùn ni mò ń gbé lọ fún àwọn oníkẹ́mísítì káàkiri. Tí mo bá kúrò ní Adó, mo máa ń gba Ìwòròkò bọ́ sí Ìfàkì, láti ibẹ̀ ó di Ọ̀yẹ́, ó di Ìkọ̀lé, títí dé Òmùò níbi tí a ti bá ìpínlẹ̀ Kogí pààlà. Ìgbà míì wà tí ọjà á gbé mi kọjá dé Kábbà. Ọ̀sẹ̀ tí mi ò bá sí lápá ibẹ̀, ẹ wá mi lọ sí Ìjerò tàbí Ẹ̀fọ̀n, tàbí kí n ti Ìkéré bọ́ sí Àkúrẹ́. Mo fẹ́ràn ìwé, mo ń kọ ìtàn, ẹ̀jẹ̀ mi sì ń ru. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mò ń gbé kiri pẹ̀lú pálí oògùn.

Bí ọdún bá ti ń bẹ̀rẹ̀ làwọn èèyàn máa ń kéde iye ìwé tí wọ́n fẹ́ kà. Ẹlòmíì á ní ìwé 52, ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan. Ẹni tí kò fẹ́ pariwo á ní ojú ìwé 10 lóòjọ́ ti tó òun. Ìyẹn jẹ́ 3,650 lọ́dún, bí ìwé méjìdínlógún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé 200. Ìṣirò náà pé. Àmọ́ kò sí táyà tó fọ́ nínú ìṣirò, kò sì sí oníbàárà tó ní "ẹ padà wá nírọ̀lẹ́". Èmi kì í ka iye ìwé mọ́. Ibi tí mo ti máa kà á ni mo mú dájú: gáréèjì.

Kì í ṣe inú ọkọ̀ tó ń lọ o. Ojú ń wo ìwé tó dúró sójú kan, inú etí tó ń bá wa mọ̀ bí ara ṣe ń mì sì ń sọ fún ọpọlọ pé à ń lọ. Ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu, òun ló fà á tí òòyì fi ń kọ́ni, tí èébì fi ń gbé ni. Lójú ọ̀nà oníkòtò tiwa yìí, ẹni tó bá kàwé nínú ọkọ̀, ẹni tó jókòó tì í ló máa jìyà rẹ̀.

Gáréèjì ló ní àkókò. Agbèrò á máa pariwo "Ìkọ̀lé, Ìkọ̀lé, ó ku ẹnì kan!" nígbà tó jẹ́ pé èmi àti ìyá kan tó gbé adìẹ dání nìkan la wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá mọ gáréèjì mọ̀ pé ẹnì kan yẹn lè gbà tó wákàtí kan kó tó dé. Bàbá àgbà kan jókòó tì mí lọ́jọ́ kan báyìí. Mo rò pé ó ń tòògbé ni. Bí mo ṣe fẹ́ ṣí ewé, ó fọwọ́ lé e: "Má tíì ṣí i, ọmọ mi, n ò tíì dé ìsàlẹ̀." Ó ti gbàgbé awò rẹ̀ sílé, ó ní kí n na ìwé náà jìnnà díẹ̀. Bí mo ṣe ń nà án jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni òun ń ríran sí i, tí èmi wá ń fojú wá ọ̀rọ̀ kiri. Nígbà tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, kò tilẹ̀ dágbére. Ohun tó bi mí ni pé ṣé ọdẹ inú ìtàn yẹn padà wálé láàyè. Dírẹ́bà ò dúró kí n dáhùn.

Ti ara líle ló ká mi lára jù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tí mò ń tà, síbẹ̀ oníbàárà mi kan ní Ìkọ̀lé ló so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ mi lápá, torí ó ní ojú mi rẹ̀ mí jù. 150/100. Ó wò ó, kò fọhùn. Ó ní kí n sinmi díẹ̀, kí n fẹ̀yìn ti àga, kí n má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, kí n sì dákẹ́. Ó tún wọ̀n ọ́n, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ó ní kí n tún wá lọ́jọ́ míì, pé a kì í fi ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo dájọ́. Bó bá ti ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kéèyàn tètè rí dókítà. Orí ò fọ́ mi, àyà ò já mi. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Dókítà kọ oògùn fún mi. Ó ku oúnjẹ ojú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n gbèjà iyán níbí, torí àwọn kan máa ń di ẹ̀bi rù ú, wọ́n ní òun ló ń pa àwa Èkìtì. Ta ló ń fi iyọ̀ gún iyán? Ọbẹ̀ ni kí ẹ bi, àti magí tí wọ́n ń já sí i ní méjì méjì, àti ìndómì tí à ń rà nígbà tí olóúnjẹ bá ti kógbá wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ò kún ṣíbí tíì kan. Oúnjẹ ọ̀sán lójú ọ̀nà nìkan lè gbé gbogbo rẹ̀ mì. Mo wá ní oníyán kan ní Ìfàkì tó ń bu ọbẹ̀ mi sọ́tọ̀ kó tó da magí sí ìyókù. Ọ̀gbẹ́ni Aláìníyọ̀ ló ń pè mí lójú gbogbo ọjà. Tèmi nínú rẹ̀ ni pé mi ò jẹ ẹ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí n wá dùbúlẹ̀ lé e lórí.

Àwa arìnrìnàjò kì í fẹ́ mu omi, ká má baà máa bẹ dírẹ́bà pé kó dúró. Èmi ń mu ún, mo sì ń bẹ̀ ẹ́. Ní ti rírìn, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ní ó yẹ àgbàlagbà, nítorí náà mi ò gun ọ̀kadà láti gáréèjì lọ bá oníbàárà mọ́ àfi tí pálí bá wúwo. Ìkéré ló dùn ún rìn jù, pàápàá lówùúrọ̀ tí kùrukùru ṣì bo orí òkè Olósùnta.

Ìwé kíkọ ò gba gáréèjì, ariwo agbèrò máa ń wọnú ìtàn lọ. Tí gbólóhùn bá sọ sí mi lọ́kàn níbi tí mo ti ń rìn, mo máa ń sọ ọ́ sínú fóònù bí ẹni ń báàyàn sọ̀rọ̀. Ìdájí ní òtẹ́ẹ̀lì ni mò ń tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn. Kíbọ́ọ̀dù Google ní Yorùbá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe. Bó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, mo ti pa fóònù. Àwọn òǹkọ̀wé kan ní òru ni ọ̀rọ̀ ń wá bá àwọn. Ó jọ pé àwọn yẹn ò ní ọkọ̀ láti wọ̀ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀. Wákàtí méje, ó kéré tán, ló yẹ kí àgbàlagbà fi sùn, àìsùn sì wà lára ohun tó ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè. Ọ̀sẹ̀ tí mo bá ń kọ, mi ò fi dandan lé ìwé kíkà. Èèyàn kan ṣoṣo ni mí.

Ìyá Aláṣọ, Ìkéré-Èkìtì

Àbúrò mi, o káre. Àmọ́ ẹnu wa ò kò lórí ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbádùn ìwé jù. Ojú mi ti kọ lẹ́tà kéékèèké, nítorí náà ọmọ mi obìnrin ló ń kà á sínú fóònù fún mi, orí kan tẹ̀lé òmíràn. Bí mo bá ń lọ ra àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, etí kan ni mo máa ń ki wáyà bọ̀. Etí kejì wà fún báàgì mi.

Ẹsẹ̀ lo ò mẹ́nu bà. Nọ́ọ̀sì kan ló là mí lójú pé ìrìnàjò tó bá ti lé ní wákàtí mẹ́rin, tí a jókòó gelete sójú kan, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Mo máa ń yí ọrùn ẹsẹ̀ mi bírí bírí lábẹ́ àga, níbi tí a bá sì ti dúró ra búrẹ́dì, mo ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn, mà á máa rìn yí ọkọ̀ ká. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ, tó ń roni, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpara.

Ní ti kíkọ, iwájú ìwé gbèsè mi ni orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń kọ ìtàn. Oníbàárà mi kan ní òun fẹ́ wo iye tí òun ti san, ó ṣí i láti ẹ̀yìn, ó sì bá ara rẹ̀ pàdé níbẹ̀, pẹ̀lú gèlè, pẹ̀lú irọ́ tó pa fún mi lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá ọkọ rẹ̀. Ó kà á tán lórí ìdúró.

Ọmọ Ìfàkì, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo ń kàwé ní yunifásítì, mo sì ń ṣe kúríà lópin ọ̀sẹ̀, ohun mímu agóló tó ń lé oorun lọ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Iye wo ni ẹ̀jẹ̀ yín wà báyìí? Ìyá mi, ṣé onígbèsè yẹn san?

Ẹlẹ́rù Oògùn

132/84 ni wọ́n kà fún mi kẹ́yìn. Oògùn wà ńbẹ̀ o, kì í ṣe ẹsẹ̀ rírìn nìkan, mi ò sì dá a dúró torí pé ara ti yá. Agóló yẹn, kaféènì àti ṣúgà ló kún inú rẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí àyà lù kìkì. Jẹ́ kí wọ́n wọn tìẹ náà wò.

Ìyá Aláṣọ

Ó san ìdajì, ọmọ mi. Ó ní tí mo bá yọ gèlè yẹn kúrò nínú ìtàn, òun á san ìyókù. Mi ò tíì yọ ọ́.