Iye tí SAFE (sọ́fíwíà ìṣirò dẹ́kìn) gbé jáde àti ìṣirò ọwọ́ ò bára mu lórí dẹ́kìn kan náà

Ọmọ_Síbíìlì: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Dẹ́kìn ilé gbígbé ni mò ń ṣe, pánẹ́ẹ̀lì àárín kan, mítà 5 sí 6, ó nípọn 150mm, bíìmù yí i ká. Mo kọ́kọ́ fọwọ́ ṣe é pẹ̀lú Table 3.14 inú BS 8110 (ìwé ìlànà kọnkéré ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì): 3.6 fún dẹ́kìn fúnra ẹ̀, finishing 1.2, partition 1.0, live (ẹrù èèyàn àti ohun èlò) 1.5, mo fi iye ààbò 1.4 (ti mẹ́ta àkọ́kọ́) àti 1.6 (ti live) sọ wọ́n di púpọ̀, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 10.52 kN/m², moment (agbára tó ń tẹ dẹ́kìn) àárín lápá kúkurú wá jẹ́ 8.4 kNm/m. Mo gbé e sínú SAFE, ó ní 14! Mo fi 3.6, 1.2 àti 1.0 sínú DEAD, 1.5 sínú LIVE, kò sí nǹkan míì. Èwo ni kí n fi to irin báyìí?

Baba_Kọnkéré: Àbúrò, ṣé o wo self weight multiplier DEAD yẹn ṣá? 1 ló máa ń wà níbẹ̀ látilẹ̀, ìyẹn ni pé sọ́fíwíà ti wọn kọnkéré náà fúnra ẹ̀, ìwọ tún wá gbé 3.6 lé e, ó di 15.56 nìyẹn. Yọ 3.6 yẹn kúrò. Kó o tó wo moment kankan, wo reaction (agbára tí àwọn ìdúró fi ń gbé dẹ́kìn) ná, ro gbogbo lóòdù tó yẹ kó wà níbẹ̀ pọ̀, tí òun àti àròpọ̀ reaction ò bá ti bára mu, má wulẹ̀ wo àwọ̀ mèremère ojú kọ̀ǹpútà yẹn, àwọ̀ ò gbé ilé dúró jàre.

Ọmọ_Síbíìlì: Ọ̀gá, ẹ ṣé gan-an ni, ó ti wálẹ̀ sí 9.4. Àmọ́ kò tíì dé 8.4 síbẹ̀ o. Lápá fàrándà tí pílà gbé láìsí bíìmù, moment orí pílà rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, bí mo ṣe ń dín mesh (ègé kéékèèké tí sọ́fíwíà pín dẹ́kìn sí) kù ló ń ga sí i.

Ẹnjiníà_Ìbàdàn: 9.4 ò burú rárá. Tébù yẹn gbà pé bíìmù ò ní tẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú SAFE bíìmù àti dẹ́kìn jọ ń tẹ̀ ni, torí ẹ̀ ni ti àárín fi lọ sókè, ti orí bíìmù á sì wálẹ̀ díẹ̀. Ti orí pílà yẹn, point support lo fi sí i, sọ́fíwíà rò pé pílà ò ní fífẹ̀ kankan, dín mesh kù títí di ọ̀la kò ní dúró síbì kan. Má fi ṣóńṣó yẹn to irin, moment ojú pílà ni kó o mú, kó o sì pín in ká column strip (apá dẹ́kìn tó gba orí pílà kọjá). Punching (kí pílà gún dẹ́kìn lu) gan-an ló yẹ kó bà ẹ́ lẹ́rù níbẹ̀. Ó tún yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu ba Mxy (moment tó ń lọ́ dẹ́kìn), torí ní igun dẹ́kìn Mx àti My (moment apá méjèèjì) lè kéré kí Mxy pọ̀, ẹni tó bá fi Mx nìkan to irin, irin ẹ̀ ò lè tó. Wood-Armer (ọ̀nà ìṣirò kan) ló ń kó Mxy mọ́ Mx àti My, wò ó bóyá ó wà ní títàn.

Tẹ́ẹ̀pù_Rúlà: Deflection (bí dẹ́kìn ṣe ń tẹ̀ wálẹ̀) náà ńkọ́? Èyí tó kọ́kọ́ fi hàn ẹ́ yẹn, ti kọnkéré tí ò tíì sán ni o. Tan cracked (kọnkéré tó ti sán) àti long-term (títẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́) sí i kó o tó fi wé span/250 (gígùn tá a pín sí 250), 20mm péré lo ní lórí mítà 5 yẹn.