Hane: agboolé ni àbí ojúlé?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìtumọ̀ yín lórí ìwé owó-orí tí àwọn Ọ́tómánì, ìjọba Tọ́kì àtijọ́, fi ṣàkọsílẹ̀ àwọn abúlé Bálíkánì ní ọ̀rúndún 15 àti 16. Ẹ pe "hane", ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ka ilé tó ń san owó, ní agboolé. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbà.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo abúlé kékeré kan ní Bùlgáríà. Akọ̀wé sultan dé, ó ń kọ orúkọ baálé: Nikola ọmọ Dimitri, Petko ọmọ Stoyan, títí wọ́n fi pé 20. Ó fi opó 3 sí ìsàlẹ̀. Ìyàwó Nikola kò sí níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó máa san owó ni wọ́n ń wá. Hane 20 nìyẹn. Ömer Lütfi Barkan, òpìtàn ará Tọ́kì, a máa ka hane kan sí ènìyàn 5, abúlé náà á wá tó 100. Ẹ wá kọ "agboolé 20"! Ọmọ Ìbàdàn tó bá kà á á ní ìlú ńlá ni. Agboolé kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wa lè gba gbogbo wọn, kí àyè ewúrẹ́ ṣì ṣẹ́kù.

Ojúlé ni mo fara mọ́. Ẹnu ọ̀nà kan, baálé kan, owó kan. Ara ògiri ni a ti ń kà á lójoojúmọ́.

"Mücerred" tí ẹ pè ní àpọ́n ńkọ́? Ọmọkùnrin tó ti tó ṣiṣẹ́ àmọ́ tí kò tíì gbéyàwó ni. Àpọ́n ní ẹ̀gàn nínú. Géńdé sàn díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé géńdé mìíràn ti níyàwó. Opó, kò sí ìjà níbẹ̀: akçe (owó fàdákà wọn) 6 ló ń san, níbi tí ọkùnrin Kristẹni ti ń san 25.

Ṣùgbọ́n agboolé yín ṣì máa rí iṣẹ́ ṣe. Ní ọ̀rúndún 17, wọ́n a máa kó ojúlé bíi mélòó kan pọ̀ di "avarızhane" kan, kí wọ́n lè jọ dá owó. Bí ẹ bá rí 20 nínú ìwé àtijọ́, tí ẹ wá rí 4 nínú ti ẹ̀yìn, ẹ má tíì sọ pé abúlé ti tú. Ibẹ̀ ni kí ẹ lo agboolé, bí àwọn onílé náà ò tilẹ̀ bára wọn tan.

Ó ku "cizye", owó tí àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ń san fún ìjọba. Ẹ pè é ní owó-orí látòkèdélẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún 1691 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ti ọkùnrin kọ̀ọ̀kan. Kó tó dìgbà náà, ojúlé ni wọ́n fi ń gbà á ní Bálíkánì. Fún ìwé tó ṣáájú 1691, mo ti fi "owó ojúlé" rọ́pò rẹ̀ nínú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi.