Ǹjẹ́ ó yẹ kí Dirk Willems yí padà láti gba ẹni tó ń lé e là?

Akẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì: Ẹ̀yin ará, mo kí yín nínú Olúwa. Dirk Willems, ará Asperen ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, jẹ́ Anabaptist, ìyẹn àwọn Kristẹni tó gbà pé ẹni tó ti gbàgbọ́ fúnra rẹ̀ ló yẹ kó ṣe ìrìbọmi. Ó wà lẹ́wọ̀n nítorí pé ó ṣe ìrìbọmi lẹ́yìn tó dàgbà, ó sì jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún àwọn mìíràn nínú ilé rẹ̀. Ó so àkísà pọ̀ bí okùn, ó fi sọ̀ kalẹ̀, ó sì sáré kọjá lórí omi tí òtútù ti mú dì. Ẹni tó ń lé e já sínú omi náà. Dirk yí padà, ó fà á jáde. Ọkùnrin náà fẹ́ jẹ́ kó máa lọ, ṣùgbọ́n olórí ìlú kígbe pé kó rántí ìbúra rẹ̀. Wọ́n tún mú Dirk, wọ́n sì dáná sun ún ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1569. Jésù sọ nínú Mátíù 10:23 pé kí á sá fún inúnibíni. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ìpè Ọlọ́run ni Dirk jẹ́, tí kì í ṣe pé ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣòfò?

Alàgbà Ìjọ: Lójú àwọn Anabaptist, ìpè Ọlọ́run wà nínú àṣẹ Jésù tí gbogbo wa ti gbọ́, kò sì dìgbà tí ènìyàn bá rí ìran. "Ẹ fẹ́ràn àwọn ọ̀tá yín" ti tó fún Dirk, nítorí ẹni tó ń rì kò lè dúró de àmì. Sísá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀: Menno Simons, tó fi iṣẹ́ àlùfáà Kátólíìkì sílẹ̀ ní 1536 tó sì di aṣáájú àwọn Anabaptist, sá kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, àìsàn ló sì pa á ní 1561. Ṣùgbọ́n bí sísá bá máa jẹ́ kí ẹlòmíràn kú lójú wa, ó ti kọjá ohun tí Jésù gbà wá láyè láti ṣe.

Ìyá Ìjọ: Ẹ ṣeun, Bàbá. Èyí tó ń dùn mí ni pé ewu náà kì í dúró lórí ẹni tí a pè. Ní 1539, wọ́n pa Tjaard Renicx nítorí pé ó gba Menno sílé. Nígbà tí wọ́n sun Maeyken Wens, obìnrin Anabaptist kan, ní ìlú Antwerp ní 1573, Adriaen ọmọ rẹ̀ gbé àbúrò rẹ̀ kékeré dání, ó fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń sun ìyá wọn, ó sì dákú. Nígbà tó jí, ó tú eérú, ó sì rí irin tí wọ́n fi há ahọ́n ìyá rẹ̀ kó má bàa wàásù. Bí a bá ń yin ajẹ́rìíkú lórí pẹpẹ, kí a má ṣe gbàgbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìjọ tó bá rán ènìyàn lọ sínú ewu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ẹni tí yóò tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀.

Alàgbà Ìjọ: Òótọ́ lẹ sọ, Màmá. Menno fúnra rẹ̀ ráhùn pé òun kò rí ahéré tí aya àti ọmọ òun lè forí pamọ́ sí láìléwu. Ní ti Tjaard, Menno kọ ọ́ pé àánú àti ìfẹ́ ará ló mú kó gba òun sílé. Ọlọ́run pe onílé náà bó ṣe pe oníwàásù.