Èsì: Àròsọ kì í ṣe irọ́

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin èèyàn wa.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa kan ló béèrè ohun tí ẹgbẹ́ ìkàwé ìjọ wọn lè máa pe irú ìwé tí wọ́n ń kà, kí wọ́n lè kọ ọ́ sára pátákó wọn. Ìtàn tí ẹnì kan jókòó rò ni, kò ṣẹlẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó dá lórí ìgbàgbọ́ nínú Kristi, ó ń sọ̀rọ̀ ìrètí àti ayọ̀, ó sì ń múni ronú lẹ́yìn téèyàn bá ti pa ìwé dé. Èyí tó wà lọ́wọ́ wọn báyìí ni The Pilgrim's Progress, ìwé John Bunyan nípa ìrìn àjò ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kristẹni lọ sí ìlú ọ̀run, ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń kà. Wọ́n fẹ́ fi apá kan rẹ̀ ṣeré ní ìjọ, nítorí náà wọ́n tún ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn èèyàn inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan fèsì pé kí wọ́n má fi "àròsọ" kún orúkọ náà rárá, pé irọ́ tó wẹ̀ tó yán ni àròsọ, onígbàgbọ́ kò sì gbọ́dọ̀ fi irọ́ wàásù. "Ìtàn ìgbàgbọ́" ló fọwọ́ sí. Ẹlòmíì mú "ìtàn aláyọ̀" wá. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹjọ́ "àròsọ" ná. Òótọ́ ni pé bí ẹnì kan bá ní "àròsọ lásán ni", ohun tó ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n "lásán" ló ṣiṣẹ́ yẹn. Ẹ wo àwọn ọmọ ìyá rẹ̀: àròkọ, àròjinlẹ̀, àròyé, àròkàn. Èwo ló jẹ mọ́ irọ́ nínú wọn? Ẹni tó ń ṣe àròkàn kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń dùn ún. Ohun tí èèyàn rò tó sì sọ ni àròsọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń wá ọ̀rọ̀ tó bá irọ́ ṣọ̀rẹ́, àlọ́ ni kí wọ́n mú, nítorí pípa là ń pa méjèèjì. Síbẹ̀ ẹ̀rù pípa àlọ́ kò ba àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Sámúsónì pa àlọ́ níbi ìgbéyàwó rẹ̀ nínú Onídàájọ́ orí 14. Nínú Ìsíkíẹ́lì orí 17, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló rán wòlíì pé kó lọ pa àlọ́ kan, kó sì pa òwe kan fún ilé Ísírẹ́lì. Ti Jésù ńkọ́? Kò sẹ́ni tó tíì béèrè orúkọ abúlé tí bàbá ọmọ onínàákúnàá ń gbé kó tó gba ẹ̀kọ́ inú Lúùkù orí 15 gbọ́.

Àwọn èèyàn wa mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa nígbà tí wọ́n bá ń wo eré. Láti 1985 tí Mike Bamiloye ti dá ẹgbẹ́ òṣèré Mount Zion sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn onígbàgbọ́ ti ń wo eré wọn. Gbogbo ayé mọ̀ pé òṣèré ló ṣe Èṣù níbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń tibẹ̀ dìde lọ kúnlẹ̀ gbàdúrà. Mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n pe àwọn òṣèré yẹn ní òpùrọ́.

Ní ti "ìtàn ìgbàgbọ́", ẹ̀rù rẹ̀ bà mí ju ti "àròsọ" lọ. Lẹ́nu àwa Yorùbá, Ìgbàgbọ́ ti di orúkọ ẹ̀sìn Kristẹni látọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá rí "ìtàn Ìgbàgbọ́" lára pátákó, bí àwọn míṣọ́nnárì Townsend àti Crowther ṣe wọ Abẹ́òkúta ní 1846 ni yóò máa retí. Tí kò bá sì rò bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ni yóò rò pé ó jẹ́, irú èyí tí wọ́n ń jẹ́ níwájú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀rí sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. A ti rí irú rẹ̀ rí ní Èkó. Ní 1929, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Àkéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde, obìnrin tó fi ayé rẹ̀ jayé, tí àìsàn wá dá a dùbúlẹ̀, tó ń ké àbámọ̀, tó ń fa Bíbélì àti orin ìjọ yọ. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní tòótọ́. Nígbà tó di ìwé ní 1930, "ìtàn ìgbésí ayé" ló ń jẹ́. Thomas ló ro gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí "àròsọ" níwájú ìwé náà. Mo gbà pé ọgbọ́n oníwèé ìròyìn ni, ìwé sì ní láti tà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ìkàwé ìjọ kò tajà. Bí ìwé bá jẹ́ àròsọ, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa lọ fi jẹ́rìí lórí pẹpẹ.

Ọ̀rọ̀ "tó ń múni ronú" ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìbéèrè yìí. Àwọn kan fẹ́ hun ọ̀rọ̀ tuntun tó gùn bí okùn kànga. Kí la fẹ́ fi ṣe nígbà tí "amúnironú" wà nílẹ̀? Ẹ tún kíyè sí ohun tí èdè wa ti ṣe sílẹ̀ fún onígbàgbọ́: ẹni tó bá yí padà, a ní ó ronú pìwàdà. Ìrònú ló ṣáájú, ìwà tẹ̀ lé e. Lúùkù 15 yẹn kan náà ló sọ pé ayọ̀ ń bẹ níwájú àwọn áńgẹ́lì lórí ẹlẹ́ṣẹ̀ kan tó ronú pìwàdà. Ìtàn tí kò bá múni ronú rárá, mi ò mọ ibi tí yóò ti bá ìrònúpìwàdà pàdé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi èyí dápàárá. Nígbà tí David Hinderer, míṣọ́nnárì ará Jámánì tó wà ní Ìbàdàn, túmọ̀ ìwé Bunyan yìí, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1866, orúkọ tó fún un ni Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Arìnrìn-àjò ni èrò tó ní lọ́kàn, bí a ṣe ń sọ pé èrò inú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn kan náà ló wà lórí èrò ọ̀nà àti èrò ọkàn. Ẹni tí kò bá mọ ìwé náà lè rò pé bí ìrònú mímọ́ ṣe ń tẹ̀ síwájú ni wọ́n fẹ́ sọ fún òun. Bóyá Hinderer mọ̀ ọ́n ṣe ni o, bóyá èdè ló ṣe é fún un, mo gbà á bẹ́ẹ̀. Fágúnwà náà, tó jẹ́ tíṣà onígbàgbọ́, òwe ìlù àgídìgbo tí ọlọ́gbọ́n ń jó tí ọ̀mọ̀ràn sì ń mọ̀ ló fi ṣílẹ̀kùn ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1938. Ó ti kìlọ̀ fún òǹkàwé pé ìrònú ló ń bọ̀.

"Ìtàn aláyọ̀" ló kù. Ohun tí yóò dún létí ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìtàn tó parí sí ìgbéyàwó àti àríyá. Ìwé tí ẹgbẹ́ yẹn ń kà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ti lo ọdún 12 lẹ́wọ̀n ní Bedford nítorí pé ó ń wàásù láìgbàṣẹ. Nínú apá àkọ́kọ́ tó jáde ní 1678, Kristẹni àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ ìlú ọ̀run lóòótọ́, ayọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bunyan kò fi ìyẹn parí rẹ̀. Ó yíjú padà sí Aláìmọ̀kan, arìnrìn-àjò mìíràn, tí wọ́n dè tọwọ́ tẹsẹ̀ lẹ́nu ibodè, tí wọ́n sì gbé jù sí ọ̀run àpáàdì. Ta ló fẹ́ pe ìyẹn ní ìtàn aláyọ̀?

Ìrètí àti ayọ̀ kò sì rìn bákan náà nínú èdè wa. Ẹ wo orúkọ tí à ń sọ ọmọ: Ayọ̀délé, Ayọ̀bámi, Ayọ̀kúnlé. Ayọ̀ ló ń dé, ayọ̀ ló ń báni, òun ló ní ẹsẹ̀. Sáàmù 30 náà ní ayọ̀ ń bọ̀ ní òwúrọ̀. Ìrètí kì í dé. Àwa là ń retí. Kò sì sọ pé inú wa ń dùn lákòókò náà. Òwe Sólómọ́nì orí 13 ní ìrètí pípẹ́ ń mú ọkàn ṣàìsàn, Pọ́ọ̀lù sì sọ fún àwọn ará Róòmù pé ìrètí tí a bá ti rí kì í ṣe ìrètí mọ́. Nítorí náà, ìtàn lè kún fún ìrètí láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn kí ayọ̀ má tíì yọjú.

Ibí yìí ni orúkọ àwọn èèyàn inú eré ti wọlé. Fún òmìrán tó ti Kristẹni àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́lé ní Ilé Ìṣọ́ Iyèméjì, ẹnì kan dábàá "Àìnírètí". Mi ò gbà. Àìní ni ti ẹni tí kò ní nǹkan rí. Kristẹni ní in. Láti àárọ̀ Ọjọ́rú dé òru Sátidé ló fi wà nínú ihò yẹn tí ìyà ń jẹ ẹ́, kọ́kọ́rọ́ tó ń jẹ́ Ìlérí sì wà láyà rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Òmìrán yìí kan náà ló ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n kúkú pa ara wọn. Mo dábàá "Òmìrán Sọ̀rètínù". Bí ẹ bá kà á bí àṣẹ, ìmọ̀ràn òmìrán náà gan-an nìyẹn.

"Onírètí" dára fún ọ̀rẹ́ Kristẹni, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó máa ṣe é nínú eré ṣáà mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ òun. Ọwọ́ ẹni tó fẹ́ kú ló wà. Iṣẹ́ Onírètí ni pé kó máa bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi rántí. Lójú odò ìkẹyìn náà, òun ló ń gbé orí Kristẹni sókè lójú omi.

Fún pátákó, mo fọwọ́ sí "Ìtàn Àròsọ Kristẹni Amúnironú". Kí wọ́n má kọ ìrètí àti ayọ̀ síbẹ̀, ẹni tó bá kà á yóò rí i.

Ó ku ẹnì kan tí mi ò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún: atukọ̀ tó gbé Aláìmọ̀kan sọdá odò láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, tí Bunyan pè ní Vain-Hope. Ìrètí lòun náà, àmọ́ kò lérè. "Ìrètí-Asán" ń dún bí ìwé Oníwàásù, "Ìrètí-Òfo" sì ń dún bí ẹni tó padà láti ọjà láìtà. Èyí èkejì ni mo mú fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ kó gbé e wá, ṣùgbọ́n kó fi "ìrètí" sílẹ̀ nínú orúkọ náà, nítorí ohun tí Aláìmọ̀kan rò pé òun wọ̀ nìyẹn.